Sí Akọ́wé, Ọkọ Mi Tó Ń Gun Àkàbà

Ọkọ mi, Akọ́wé,

Ẹ kú iṣẹ́ oko o. Ẹ̀yìnkùlé ni mo mọ̀ ọ́n sí, ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe ń wọ inú rẹ̀ láràárọ̀ pẹ̀lú àdá lọ́wọ́ àti abetíajá lórí, àlejò tó bá rí yín yóò rò pé oko kòkó ní Òǹdó lẹ ń lọ. Ṣé ẹ̀fọ́ ń ṣe dáadáa? Ṣé ewédú ti tó já? Ṣé àkàbà náà wà ní àlàáfíà?

Ẹ má bi mí pé ta ló sọ fún mi. Ìyáálé mi kò yanu. Àkóbọ̀ ní Ìbàdàn lẹ ń gbé, níbi tí kò sí fẹ́ǹsì tó ga ju ojú aládùúgbò lọ. Bàbá ẹni ọdún 72 kò lè wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, kó gbé àkàbà ti igi ìbẹ́pẹ, kó máa fi ọ̀pá gún èso lókè, kí ìròyìn má ti dé ọ̀dọ̀ wa ní Mọ́níyà kí ìbẹ́pẹ tó balẹ̀.

Ìyàwó ilé ni mí. N kò gbọdọ̀ pe orúkọ yín; ìdí nìyẹn tí mo fi sọ yín ní Akọ́wé láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi omi tútù wẹ ẹsẹ̀ mi wọ agboolé yín. N kò sì gbọdọ̀ bá ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wí. Ṣùgbọ́n kò sí àṣà tó ní kí ìyàwó má fi ọkọ ṣẹ̀fẹ̀, ẹ̀fẹ̀ náà ni mo sì wá ṣe. Ibi tó bá pa yín lẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín. Ibi tó bá ta yín lára, ẹ mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni mò ń lọ. Mo kọ ọ́ síta gbangba nítorí pé bí mo bá pè yín lórí fóònù, ẹ ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń dà yín láàmú, ẹ ó sì padà sórí àkàbà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ ẹ̀sùn kìíní láti ìdí igi. Báyọ́lọ́jì lẹ kọ́ àwọn ọmọ kí ẹ tó fẹ̀yìn tì. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ fún wọn pé igi ìbẹ́pẹ kì í ṣe igi gidi, pé inú rẹ̀ ṣófo, pé ara rẹ̀ rọ̀. Igi tí ẹ fi ẹnu ara yín tú àṣírí rẹ̀ yìí náà lẹ gbé àkàbà tì, tí ẹ sì gùn ún, tòun ti pé òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ọmọ kíláàsì tó bá kọ irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ìdánwò, òdo lẹ máa fún un, ẹ ó sì fi bírò pupa fà á lábẹ́. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ní ti ìbẹ́pẹ, ẹ jẹ́ ká yí òwe náà padà díẹ̀: ọmọ ọmọ yín tó ń tẹ fóònù láti àárọ̀ ni kó máa ká èso òkè, kí bàbá àgbà dúró nísàlẹ̀ kó máa nawọ́ sí èyí tó pọ́n. Iṣẹ́ ọ̀gá nìyẹn. Ẹ ti ṣe ọ̀gá ilé ìwé rí, kò yẹ kó ṣòro fún yín.

Ẹ̀sùn kejì ni sálúbàtà. Mo mọ ìgbà tí wọ́n pín in. Ẹni tí wọ́n tìtorí ìsìnkú rẹ̀ pín in ti di ẹni ìrántí tipẹ́, abẹ́ sálúbàtà náà sì ti dán. Ẹ ní ó tù yín lẹ́sẹ̀. Báwo ni kò ṣe ní tù yín, nígbà tí kò di ẹsẹ̀ mú níbì kankan? Iwájú rẹ̀ ń lọ, gìgísẹ̀ yín ń dúró dè é lẹ́yìn. Bàtà tí èèyàn ní láti máa fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dì mú kó má baà bọ́ sílẹ̀, ẹni tó wọ̀ ọ́ ń ṣe iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ó ń rìn, ó sì ń ṣọ́ bàtà.

Ẹ̀sùn kẹta ló mú mi gbé bírò. Ẹ ṣubú láàárín bẹ́ẹ̀dì ewédú. Nígbà tí wọ́n sáré dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ ní ẹ kò ṣubú, pé ẹ kàn jókòó wo bí ilẹ̀ ṣe tutù tó ni. Akọ́wé! Ta ní ń fi ìgúnpá àti ẹ̀gbẹ́ itan wo bí ilẹ̀ ṣe tutù tó? Wọ́n ní ẹ dìde, ẹ gbọn ṣòkòtò, ẹ wo iwájú gbọnrangandan, ẹ sì ní kí ẹnikẹ́ni má sọ fún àwọn ọmọ. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa ń pa á lówe fún wa pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ ká jọ bojú wẹ̀yìn, kí n lè mọ̀ bóyá àgbà ni yín lóòótọ́.

Nígbà tó yá, ẹ wá ní ilẹ̀ ló yọ̀. Ilẹ̀ yọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ọmọ yín sáré gba ojú ilẹ̀ kan náà kọjá, kò sì ṣubú. Kì í ṣe ilẹ̀ nìkan ló ń gbé èèyàn dúró. Ojú ń wo ọ̀nà. Inú etí lọ́hùn-ún ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ bóyá ara dúró tàbí ó ti yẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ ń sọ bí ilẹ̀ ṣe rí, iṣan itan àti ti ọrùn ẹsẹ̀ sì ń yára fa ara padà. Bí ọjọ́ orí bá ti ń ga, gbogbo wọn ló ń dẹ díẹ̀díẹ̀. Ojú ń ṣú, iṣan ń joro, àtẹ́lẹsẹ̀ ẹlòmíràn tí àtọ̀gbẹ ń bá fínra kì í tètè mọ ohun tó tẹ̀. Bí ọmọdé bá kọsẹ̀, ó ti gbé ẹsẹ̀ kejì síwájú kó tó mọ̀ pé òun kọsẹ̀. Tàwa àgbà, kí ẹsẹ̀ kejì tó dé, ìdí ti dé ilẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà lẹ́yìn ìṣubú tiyín. Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ pẹ̀lú ọkọ́ ọlọ́wọ́ kúkúrú. Ẹ gbọ́ pé wọ́n ń kan géètì, ẹ sì nà ró fìrì. Ẹ ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣùgbọ́n ẹ kò tíì mu omi tó nǹkan láti ìgbà tí ẹ ti jí. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé òòyì ló kọ́ yín kí ilẹ̀ tó yọ̀. Bí èèyàn bá dìde lójijì, ẹ̀jẹ̀ máa ń lọ sí ìsàlẹ̀. Ara ọ̀dọ́ a tètè tún un ṣe, ara àgbà a pẹ́ díẹ̀, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sì lè mú un pẹ́ sí i. Bí nọ́ńbà òkè nínú ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru bá fi 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wálẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta tí èèyàn dìde dúró, àwọn dókítà kì í fojú kékeré wò ó. Ẹ má ṣe dá oògùn dúró fúnra yín o. Ẹ sọ fún dókítà pé òòyì ń kọ́ yín, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yẹ oògùn náà wò. Ẹ kò sì ní láti wá irú dókítà bẹ́ẹ̀ lọ sókè òkun. Láti ọdún 2012 ni ilé ìwòsàn UCH, ní Ìbàdàn wa níbí, ti ní ibùdó tó jẹ́ pé ìtọ́jú àwọn arúgbó nìkan ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Àwọn tí wọ́n ń lọ síbẹ̀ kò gbé ara wọn ga tó yín, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rìn padà wálé.

Mo ń ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé èèyàn 684,000 ni ìṣubú ń pa lọ́dọọdún káàkiri ayé. Ó lé ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún wọn tó ń kú ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀ sí, irú tiwa, àwọn tó sì ti lé ní ọgọ́ta ọdún ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn tí kò kú ńkọ́? Ẹ wo iye àgbà tí ẹ mọ̀ tí ìtàn àìsàn wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “wọ́n kàn yọ̀ ṣubú ní ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀.” Eegun ìbàdí ló ṣẹ́, orí ibùsùn ló gbà wọ́n. Láti orí ibùsùn ni àìsàn mìíràn ti wọlé.

Ìròyìn ìṣubú yín ti dé ọ̀dọ̀ ọmọ yín tó wà ní Manchester. Ọ̀rọ̀ ìṣubú kì í pẹ́ rárá kó tó sọdá òkun. Ó ti ní òun máa fi owó ránṣẹ́: kí wọ́n da sìmẹ́ǹtì bo gbogbo ẹ̀yìnkùlé, kí wọ́n lẹ táìsì dídán sí fàràńdà, kí wọ́n ra àga aláwọ tó ń yí sẹ́yìn, kí bàbá jókòó máa wo tẹlifíṣọ̀n. Ó ní iṣẹ́ ọgbà ti tó, pé bàbá kò sin ẹnikẹ́ni.

Akọ́wé, ẹ kò ní gbàgbọ́: ẹ̀yìn yín ni mo wà lórí èyí. Mo ti sọ fún ọmọ náà pé kó fi owó sìmẹ́ǹtì rẹ̀ pamọ́. Táìsì dídán tí omi bá dà sí ló tiẹ̀ ń mú àgbà yọ̀ ṣubú ju ilẹ̀ ọgbà lọ, sìmẹ́ǹtì tí òjò bá sì ti ń pa yóò hu ohun tútù aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ kọ̀rọ̀. Ní ti àga aláwọ, òun ni mo bẹ̀rù jù. Iṣan tí a kò lò ń joro. Ẹni tó ṣubú lẹ́ẹ̀kan yóò máa bẹ̀rù. Ìbẹ̀rù yóò mú un jókòó. Ìjókòó yóò mú ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ. Ẹsẹ̀ tó rọ ni yóò tún gbé e ṣubú. Àga ló ń ba ẹsẹ̀ àgbà jẹ́, ọgbà kọ́.

Ẹ̀rí wà. Ní 2019, àwọn onímọ̀ Cochrane kó ìwádìí 108 jọ, tí àwọn àgbàlagbà tó kópa nínú wọn lé ní 23,000. Wọ́n rí i pé eré ìdárayá ń dín iye ìgbà tí àgbàlagbà ń ṣubú kù tó ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tó ń kọ́ ara láti dúró gbọin ló ṣiṣẹ́ dáadáa: dídìde, jíjókòó, títẹ̀ síwájú, yíyí ara padà. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2020, wọ́n ní kí ẹni tó ti pé ọdún 65 máa ṣe irú èyí ní ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, láfikún sí ìrìn àti iṣẹ́ mìíràn tó ń mú ara gbóná. Ẹ wo ọgbà yín: ẹ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ ń dìde, ẹ ń pọnmi, ẹ ń yíjú wo ẹ̀yìn, ẹ ń tẹ orí ilẹ̀ tí kò tẹ́jú. Àwọn èèyàn ń san owó kí wọ́n lè ṣe èyí nínú yàrá olówó gọbọi, láìsí pé wọ́n ń já ewédú bọ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹ má wá máa fi ọ̀rọ̀ mi fọ́nnu. Ọgbà nìkan kò tó. Ìdánwò kan wà tí mo fẹ́ ṣe fún yín, ẹ̀yin tí ẹ fi gbogbo ayé yín ṣe ìdánwò fún ọmọ ọlọ́mọ. Ní 2022, àwọn olùwádìí ní Brazil tẹ èsì iṣẹ́ wọn jáde lórí èèyàn 1,702, àwọn ẹni ọdún 51 sí 75. Wọ́n ní kí olúkúlùkù fi ẹsẹ̀ kan dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá láìdi nǹkan mú. Nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ni kò lè ṣe é, nínú àwọn tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó ju ìdajì lọ. Iye àwọn tó kú láàárín ọdún bíi méje tó tẹ̀ lé e pọ̀ jù nínú àwọn tí kò lè ṣe é. Èyí kò wí pé fífi ẹsẹ̀ kan dúró ló ń fún èèyàn ní ẹ̀mí gígùn. Ohun tó wí ni pé ẹsẹ̀ máa ń mọ̀ nípa ara kí ẹnu tó sọ ọ́.

Nítorí náà, láàárọ̀ ọ̀la, kí ẹ tó fọwọ́ kan àdá, ẹ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, kí ìyáálé mi dúró tì yín. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kan sókè bíi lékelèké. Bí ẹ bá yẹ̀, ẹ fọwọ́ ti ògiri, kò sí ẹni tó máa fi bírò pupa fà á. Ẹ máa ṣe é lójoojúmọ́. Ẹ tún máa dìde lórí àga láìfi ọwọ́ tì í, ẹ jókòó, ẹ tún dìde. Bí ẹ bá ń gba àárín bẹ́ẹ̀dì kọjá tí nǹkan ìdìmú wà nítòsí, ẹ máa gbé gìgísẹ̀ kan síwájú ọmọ ìka èkejì. Bí aládùúgbò bá ń yọjú wò yín lórí fẹ́ǹsì, ẹ ní ẹ ń wọn ilẹ̀.

Ó kù ká tún ọgbà náà tò, nítorí ọ̀dọ́ ẹni ogójì ọdún ni ẹ tò ó fún. Ẹ fẹ àárín bẹ́ẹ̀dì sí i kí ẹsẹ̀ méjì lè dúró ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹ kó òkúta, gbòǹgbò àti họ́ọ̀sì kúrò lójú ọ̀nà. Ata, tòmátì àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ kò bèèrè bóyá ilẹ̀ pẹrẹsẹ lẹ gbìn wọ́n sí. Ẹ rọ iyẹ̀pẹ̀ sínú àpò, ẹ gbé e lé orí búlọ́ọ̀kù tó dúró dáadáa kó ga dé ìbàdí yín, ẹ lu ihò sísàlẹ̀ kí omi lè máa jáde. Tẹ̀tẹ̀ yóò tó jẹ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ̀yìn kò sì ní ro yín. Ẹ jẹ́ kí amúnútutù fà lọ sókè fẹ́ǹsì, kí ẹ máa já a lóòró. Ewúro, ẹ máa gé e kó má ga ju àyà lọ. Wórowo tí kì í fẹ́ oòrùn púpọ̀, ẹ fún un ní abẹ́ ìbòòji, kí ẹ̀yin náà rí ibi jókòó sí nígbà tí ẹ bá ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ gbé àga tó ní apá sínú ọgbà, àga onígi, kì í ṣe ti rọ́bà tó ń la ẹsẹ̀. Ẹ fi igi gígùn sí ọkọ́ yín.

Ẹ má ru bọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá kan tó ń fa èjìká sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kẹ́ẹ̀gì kékeré méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lósì, omi ìdajì ìdajì. Bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ẹ dúró kí ilẹ̀ fa omi tán, ewédú kì í sá lọ. Ní alẹ́ tí kò bá sí iná, ẹ má jáde láìmú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Àwọn àgbà ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Tiyín ti ń fẹ́ àyẹ̀wò, ìwé tí ẹ ń nà jìnnà kí ẹ tó kà á ti ń jẹ́rìí sí i.

Bí ara yín bá sì ń fẹ́ iṣẹ́ tó gba òye, ẹ jókòó sí ìdí irúgbìn. Èèpo irúgbìn ewédú le, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í fi í hù. Ẹ dì í sínú aṣọ, ẹ rì í bọnú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kó má ju mẹ́wàá lọ, ẹ yọ ọ́, ẹ sá a kó gbẹ, kí ẹ tó fọ́n ọn. Ẹ pe ọmọ ọmọ yín wá, kó máa ka ìṣẹ́jú àáyá náà fún yín lórí fóònù tí kò jẹ́ kó gbé ojú sókè. Kò sí àkàbà nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, bẹ́ẹ̀ ó jẹ mọ́ Báyọ́lọ́jì ju ìbẹ́pẹ gígún lọ.

Mo mọ èyí tó kù tí ẹ kò fẹ́ gbọ́: ọ̀pá ìtilẹ̀. Ẹ ní ọ̀pá jẹ́ ti arúgbó. Kí ni àdá tí ẹ ń fi tilẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń gòkè láti ibi kànga? Àwọn baba wa ní yíyọ́ ẹkùn, tojo kọ́. Ọ̀pá tí rọ́bà wà lẹ́nu rẹ̀ kò sọ ẹni tó mú un di ọ̀lẹ. Ó kàn ń jẹ́ kó dé ìdí ata rẹ̀, kó sì padà. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ kò tíì tán lára yín: láti 2022, òfin ti gba tíṣà láyè láti ṣiṣẹ́ títí dé ọdún 65. Ẹ̀yin ti lọ ní ọgọ́ta. Bó bá jẹ́ ọgbà lẹ fẹ́ fi san ọdún márùn-ún tó kù, ẹ san án láìdá ẹsẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé tí ẹ ní Akọ́wé tiyín nílé, ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ yín: ẹ má gba ọkọ́ lọ́wọ́ wọn, ẹ má sì da sìmẹ́ǹtì bo ilẹ̀ wọn. Ẹ ra bàtà tó di ẹsẹ̀ mú fún wọn, ẹ tan iná sí ẹ̀yìnkùlé, ẹ ká ìbẹ́pẹ fún wọn kí wọ́n tó rán yín. Ẹni tí wọ́n bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í pẹ́ tẹ̀ lé iṣẹ́ náà lọ.

Akọ́wé, ọkọ mi, bàtà kàńfáàsì ń bọ̀ lọ́nà, ọkọ mi kékeré ni yóò gbé e wá. Òun náà ni yóò gbé àkàbà lọ. Ẹ bá mi fi ewédú díẹ̀ rán an padà.

Èmi ni ìyàwó yín ní Mọ́níyà.